Lẹ́yìn Ọjọ́ Aṣọ Funfun: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Bá Jésù Rìn Dọ́jọ́ Alẹ́

Ní ọjọ́ Àìkú tí bíṣọ́ọ̀bù bá wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ wa lórí, ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń kún débi pé ẹ̀yìn fèrèsé ni àwọn mìíràn ti ń wòran. Aṣọ funfun, ìbọ̀wọ́ funfun, ayàwòrán bíi mẹ́ta, ìrẹsì nínú kúlà lábẹ́ igi máńgòrò. Inú mi máa ń dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èmi ni mo bí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọdún 19 ni mo ti fi jẹ́ olórí kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí a ti ń bójú tó ọkàn ara wa, nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, mo sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Bó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, nínú àwọn 12 tí mo kọ́, bóyá ni mo fi ń rí mẹ́rin. Àwọn yòókù kò kọ Jésù o. Wọ́n kàn rò pé ọjọ́ aṣọ funfun yẹn ni àwọn dé ibi tí àwọn ń lọ.

Àwọn ni mo torí wọn kọ ìtọ́sọ́nà yìí, àti ẹnikẹ́ni tó ti ń jẹ́ Kristẹni látọjọ́ pípẹ́ tó wá rí i pé òun kàn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ìgbàgbọ́ tí yóò bá èèyàn dé ọjọ́ ogbó, ohun kéékèèké tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń tọ́ ọ dàgbà. Ìsọjí dára. Mo ti sunkún ní ìsọjí rí tí gèlè mi fi tú. Ẹkún ọjọ́ Ẹtì yẹn kò bá mi dé Ọjọ́rú.

Ọdún 33 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kò ní ṣàì máa padà sí yàrá ìrọbí. "Ìwọ" ni mo máa pè ọ́ bí mo ṣe ń pe àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi.

1. Mọ ibi tó o wà

Ra ìwé kékeré kan. Irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò ti tó. Kọ ọjọ́ òní sí ojú ewé àkọ́kọ́, kó o wá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta, láìṣe ojú ayé: Kí ló sọ mí di Kristẹni? Ìgbà wo ni mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kẹ́yìn láìtọrọ nǹkan kan? Ta ni mo ń bá yodì?

Má fi han ẹnikẹ́ni. Tí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá jẹ́ "Ilé Kristẹni ni wọ́n bí mi sí," kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò burú. Níbi iṣẹ́ wa, a máa ń béèrè ẹ̀sìn aboyún nígbà tó bá wá forúkọ sílẹ̀. Á ní, "Onígbàgbọ́," a ó kọ ọ́ sí káàdì, ọ̀rọ̀ parí. Ọdún mélòó kan kọjá kí n tó tẹ́tí sí orúkọ yẹn. Gbà àti gbọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kí lo gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí? Kí lo gbà nínú ohun tó o gbọ́? Tí o kò bá rí èsì kankan kọ, ibẹ̀ gan-an ni ìrìn rẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

2. Ya àkókò kan sọ́tọ̀, kó o sì ya ibì kan sọ́tọ̀

Ìṣẹ́jú 15. Má ṣe fi wákàtí kan bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n fi wákàtí kan bẹ̀rẹ̀, agbára káká ni oṣù fi ń pé kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, ìtìjú ò sì ní jẹ́ kí wọ́n padà.

Ìyá mi máa ń jí ní aago márùn-ún ìdájí fún àdúrà, kò sì yẹ̀ rí títí tó fi lọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, mo máa ń dá ara mi lẹ́bi pé mi ò lè ṣe bíi tirẹ̀. Ní aago márùn-ún yẹn gan-an, ọmọ tuntun ló máa ń wà lọ́wọ́ mi tí mo ń gé ìwọ́ rẹ̀. Àgbà nọ́ọ̀sì kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sọ fún mi pé, "Aago tìrẹ ni kó o fún Olúwa, má fún Un ní aago ìyá rẹ." Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni tèmi: tí mo bá ti wẹ̀ tán, kí n tó sùn, lórí àpótí kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbẹ̀. Tí mo bá ti fìdí kan àpótí yẹn, ọkàn mi á ti mọ ohun tó kàn. Ìdí nìyẹn tí ibi náà fi ṣe pàtàkì.

Ọmọ kíláàsì mi kan wà ní Manchester báyìí, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Òkè bọ́ọ̀sì ni yàrá àdúrà rẹ̀. Ó máa ń ki nǹkan bọ etí bí ẹni tó ń gbọ́ orin, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá a sọ̀rọ̀. Ó ní láti ilé òun dé ilé àgbàlagbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 20 ni. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Bí mo ṣe ń pín ìṣẹ́jú 15 náà nìyí. Méjì àkọ́kọ́, jókòó jẹ́ẹ́, má sọ nǹkan kan. Méje, ka Bíbélì. Mẹ́rin, gbàdúrà. Méjì tó kù, kọ ìlà kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ. Gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Tó bá jẹ́ pé inú fóònù ni Bíbélì rẹ wà, pa dátà.

O máa pa ọjọ́ kan jẹ, kò sí àní-àní. Má ṣe sọ pé wàá san án padà lọ́la pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mánà inú Ẹ́kísódù orí 16, t'òòjọ́ ni wọ́n ń kó, èyí tí wọ́n sì fi pa mọ́ di ọjọ́ kejì di ìdin. Ọjọ́ kan ṣoṣo náà ti lọ. Jókòó sí àyè rẹ lọ́la bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

3. Kàwé bí ẹni tó ń tẹ́tí

Tí January bá dé, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, wọ́n á sáré títí, wọ́n á wá rì sínú Léfítíkù kí ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó o bẹ̀rẹ̀ láti ìwé Máàkù. Orí 16 péré ni. Orí kan lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ méjì lo fi kà á tán. Tó o bá tán, tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, Lúùkù, tó jẹ́ orí 24, kó o máa fi Sáàmù kọ̀ọ̀kan sí i. Gbogbo Bíbélì jẹ́ orí 1,189, bó o bá sì ń ka orí kan lóòjọ́, ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta ni. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ.

Kà á síta, kí etí rẹ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ ń sọ. Kà á ní Yorùbá, àní tó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lo fi kàwé títí dé yunifásítì, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ọ wí nígbà tó o wà lọ́mọdé máa ń wọlé síni lára ju òmíràn lọ. Mo fẹ́ kó o rántí bí Bíbélì yẹn ṣe dé ọwọ́ wa. Ní ọdún 1821, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Àjàyí Crowther, lẹ́rú ní Òṣogùn. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone. Ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó di àlùfáà ní 1843. Nígbà tó ń túmọ̀ Bíbélì, ó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ, ó ń tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ó má bàa kọ ohun tó dún bí ti àjèjì. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì kò jáde títí di 1884, Thomas King àti àwọn mìíràn sì ti ràn án lọ́wọ́. Ọdún 34 ló wà láàárín méjèèjì. Ẹsẹ kan tẹ̀ lé ẹsẹ kan ni. Tí wọ́n bá lè fi ìyẹn gbé e kalẹ̀ fún ọ, ìwọ náà lè fi ọdún mẹ́ta kà á.

Tó o bá ti kà á tán, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni Jésù ṣe níbí? Nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ta ni mo jọ? Kí ni mo máa ṣe kí oòrùn òní tó wọ̀?

Èkejì yẹn ló dá mi dúró. Mo ń ka Máàkù orí 10 ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ibi tí Bátíméù afọ́jú ti ń kígbe pe Jésù lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá a wí pé kó dákẹ́. Mo bi ara mi pé ta ni mo jọ. Mo fẹ́ sọ pé Bátíméù. Ọkàn mi kò gbà. Àwọn tó ń ní kó dákẹ́ ni mo jọ. Ní yàrá ìrọbí, tí obìnrin bá ń ké, èmi náà máa ń jágbe mọ́ ọn pé kó pa ẹnu mọ́, ṣé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bímọ? Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ ni mo bá, mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, èmi ni mo máa ń dá orin lọ́jọ́ Ìkórè. Kò sí ìwàásù kan tó kàn mí níbi tí ẹsẹ yẹn ti kàn mí.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà ni: "Lálẹ́ yìí, obìnrin kan, mi ò ní jágbe." Obìnrin kan péré. Mo dì í lọ́wọ́ mú, ó ké, mo ní kó máa ké. Mo jágbe mọ́ ẹlòmíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó gbà mí tó ọdún méjì kí ohùn mi tó yí padà pátápátá, àwọn tó wá bímọ lẹ́yìn náà kò sì mọ̀ pé mo rí bẹ́ẹ̀ rí.

4. Àdúrà tó ju ìbéèrè lọ

Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fẹ́ràn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mú ìwé rẹ, kó o kọ àdúrà tó o gbà láná sílẹ̀ bó o ṣe gbà á. Fa igi sórí gbogbo ibi tó jẹ mọ́ ọ̀tá. Fa igi sórí gbogbo ibi tó o ti tọrọ nǹkan. Kí ló kù? Nígbà tí èmi ṣe é, "ní orúkọ Jésù" nìkan ló kù.

Kò sí ohun tó burú nínú títọrọ. Jésù alára kọ́ wa pé ká tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Baba àti ìjọba Baba ló kọ́kọ́ wà nínú àdúrà tí Ó kọ́ wa, ìdáríjì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, fi ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ ọpẹ́ fún ohun tó ní orúkọ: omi tó yọ nínú kànga, ibà ọmọ tó wálẹ̀ lóru. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ èèyàn márùn-ún lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wàá máa gbàdúrà fún, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ò fẹ́ rí sójú. Gbàdúrà fún un bí ìgbà tó o bá ń gbàdúrà fún ọmọ ìyá rẹ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń korò. Tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ, ka Sáàmù 13. Ẹsẹ mẹ́fà ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí ẹjọ́ tí Dáfídì ń bá Ọlọ́run rò pé yóò ti pẹ́ tó. Ọlọ́run gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé Rẹ̀, nítorí náà má ṣe fi ẹ̀rín bo ìbànújẹ́ rẹ níwájú Rẹ̀.

Àwọn tó ń ka ìtàn ìsọjí ilẹ̀ wa fẹ́ràn láti sọ nípa oṣù July 1930, ní Òkè-Ọ̀ọ̀yè nílùú Iléṣà, nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ohun tí mo fẹ́ kó o wò ni àkókò tó ṣáájú rẹ̀. Oṣù October 1928 ló gbọ́ ìpè, nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì gbáko tó fi ń gbàwẹ̀, tó ń gbàdúrà, kí Iléṣà tó mọ̀ ọ́n.

5. Kó o tó sùn

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ìrònúpìwàdà. Ó sọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀: kó o ro inú rẹ, kó o sì pa ìwà rẹ dà. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ìdajì àkọ́kọ́, a ó rò ó, a ó sunkún, a ó sì jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìwà àná.

Lálẹ́, kí iná tó kú, wo ọjọ́ náà láti àárọ̀ wá bí ẹni tó ń ka owó ọjà. Níbo ni mo ti rí àánú gbà? Ta ni mo ṣẹ̀? Tí orúkọ kan bá jáde, kọ ọ́ sílẹ̀. Ó di dandan kó o lọ bá a.

Mo fi ẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù wa rí pé ó jí páálí ìbọ̀wọ́ ìtọ́jú. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti sọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo rí páálí náà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ súwẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo ń gbàdúrà o, mo ń bẹ Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ni mo pè ní olè.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ nípa bí a ṣe ń bẹ èèyàn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ dáadáa, torí a kì í kọ́ àwọn ọmọ wa. Dárúkọ ohun tó o ṣe gan-an. Má sọ pé "tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́," nítorí "tí" yẹn máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ibi tó o ti dójú tì í ni kó o ti bẹ̀ ẹ́, níwájú àwọn tó wà níbẹ̀. Tó o bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, gbé owó náà dání. Má ṣàlàyé bí ara ṣe ń ni ọ́ lọ́jọ́ náà. Má sì fi Bíbélì fún un lọ́rùn pé ó gbọ́dọ̀ dárí jì ọ́. Ìyẹn wà láàárín òun àti Olúwa. Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, ó ní ó ti tán. Kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

6. Wá àwọn tí ẹ máa jọ rìn

Bí o bá ka gbogbo èyí tó kù, tó o fi ìgbésẹ̀ yìí sílẹ̀, àárẹ̀ á mú ọ. Mo ti rí i léraléra.

Kíláàsì tí àwa Mẹ́tọ́díìsì ní, ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ bí i. Ní oṣù February 1742, ní ìlú Bristol, John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, àti àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé wọn. Wọ́n pín ìjọ sí èèyàn 12, 12, kí ẹnì kan nínú wọn máa lọ gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí àwọn tó ń gba owó ṣe ń wọ ilé kiri, wọ́n ń rí ohun tí kò hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹni tó ń mu ọtí, ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Wọ́n rí i pé ọkàn àwọn èèyàn ju pẹ́nì lọ, wọ́n sì yí ìpàdé náà sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọkàn ara wọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní September 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, kíláàsì sì bá a wọ ilẹ̀ wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, ó ti padà di ibi owó nìkan: wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á san owó kíláàsì, ó di gbéré. Ó dùn mí.

Tí ìjọ rẹ bá ní kíláàsì tàbí ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì tó ń ṣe dáadáa, wọ inú rẹ̀. Tí kò bá sí, wá èèyàn mẹ́ta sí márùn-ún. Ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, ó máa ń jẹ́ kí ẹnu yá. Wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ilé kan náà tàbí kẹ́ ẹ máa yí i. Ẹ̀pà àti omi nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi ṣàlejò. Ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀, ẹni tí kò ní kò ní gbà kí wọ́n wá sílé òun. Ẹ ka ẹsẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ: báwo ni ọkàn mi, ibo ni mo ti rí oore Ọlọ́run, ibo ni mo ti kọsẹ̀, kí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé. Kí àwọn yòókù dákẹ́. Mo tún un sọ, kí wọ́n dákẹ́. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti gbani nímọ̀ràn kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó dé àárín. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán, bi í pé ṣé àdúrà ló fẹ́ ni àbí ìmọ̀ràn.

Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó sùn. A kì í gbé e dé ọ̀dọ̀ ọkọ, a kì í gbé e dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, a kì í sọ ọ́ di àdúrà níta. Ẹ má sì yá ara yín lówó nínú ẹgbẹ́ náà. Àjẹsẹ́kù dára, ẹ ṣe é níbòmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lo fóònù. Nígbà òtútù, wákàtí kan ni a fi ṣíwájú yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yín, aago wa dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìjọ kan tí ẹsẹ̀ yín máa tẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí fóònù kò lè gbé omi gbígbóná wá fún ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Tí olórí kan bá fẹ́ máa rí ìwọ nìkan lálẹ́, tó ń béèrè owó kó tó gbàdúrà, tó ní kó o má sọ fún àwọn ará ilé rẹ, tàbí tó ní kó o sọ oògùn dókítà nù, kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. O kò fi Kristi sílẹ̀.

7. Owó àti ọwọ́

Èyí kò gùn. Kó o tó dá owó Ìkórè, san owó oṣù ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́. Léfítíkù 19 ní kí owó alágbàṣe má sun ọ̀dọ̀ ẹni títí di òwúrọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀bùn ńlá, tí awakọ̀ rẹ̀ tó jókòó sínú mọ́tò níta kò tíì gbowó oṣù méjì. Yan èèyàn kan pẹ̀lú tó ò ní rí èrè kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, kó o máa bẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

8. Nígbà tí ọkàn bá gbẹ

Yóò gbẹ. Ọdún kan wà tí mo ń jókòó sórí àpótí mi tí kò sí nǹkan kan, bí ẹni tó ń pe nọ́ńbà tó ti kú. Má ṣe gbà pé o ti ṣubú, má sì sáré wá ṣọ́ọ̀ṣì tó ń pariwo jùlọ. Ka Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà ti rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run pa òun, ó sùn sábẹ́ igi. Áńgẹ́lì tó wá kò wàásù fún un. Àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹyin iná àti omi ló gbé wá. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Lẹ́ẹ̀kejì ni áńgẹ́lì tó sọ fún un pé ọ̀nà náà jìn jù fún un. Nítorí náà, kọ́kọ́ sùn. Jẹun. Gé ìṣẹ́jú 15 sí márùn-ún, má gé e sí òdo. Sọ fún kíláàsì rẹ pé, "Ẹ bá mi gbàgbọ́ lọ́sẹ̀ yìí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì díẹ̀. Tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí o kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò lọ, tí ayé sú ọ, lọ rí dókítà. Tó bá ń ṣe ọ́ bíi kó o pa ara rẹ, má dúró dé ọ̀sẹ̀ méjì, lọ lónìí, kí ẹnì kan tẹ̀ lé ọ. Ìyá ọlọ́mọ tuntun, ìwọ ni mo ń bá wí jùlọ, torí àwọn èèyàn á sọ fún ọ pé ẹ̀mí àìmoore ni. Bó bá kan ọ̀rọ̀ àwẹ̀: aboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò ìlera kó o tó fi oúnjẹ sílẹ̀, má sì fi oògùn sílẹ̀ nítorí Lẹ́ńtì. Fi fóònù gbààwẹ̀. Fi òfófó gbààwẹ̀.

9. Bí ọdún ṣe ń yí

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú ọdún, àwa Mẹ́tọ́díìsì máa ń ṣe Ìsìn Májẹ̀mú, ohun tí Wesley bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1755. Nínú rẹ̀, a ó fi ara wa lé Ọlọ́run lọ́wọ́ pé kó lò wá tàbí kó gbé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó bá ti wù Ú. Ìjọ yòówù kó o wà, o lè ya ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ka ìwé kékeré rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wo orúkọ àwọn tó o gbàdúrà fún. Wo ìlà tó o kọ nígbà tí ara ń ta ọ́. Lẹ́yìn náà, yan ohun kan tó o máa jù sílẹ̀ àti ohun kan tó o máa gbé dání, ọ̀kan ọ̀kan péré. Inú agolo bisikíìtì ni mo ń kó tèmi sí, wọ́n ti di mẹ́rìnlá.

Bí ayé rẹ bá yí, tún ìgbésẹ̀ kejì ṣe: tó o bá gbéyàwó, tó o bá bímọ, tó o bá ṣílọ sí ìlú mìíràn, tó o bá fẹ̀yìn tì. Aago tó bá ọ mu nígbà tó o jẹ́ àpọ́n kò ní bá ọ mu nígbà tí ọmọ ń sunkún lóru, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà máa ń sọ fún mi pé ó ti pẹ́ jù fún àwọn. Mo máa ń sọ ìtàn Àfàlà fún wọn, ìyá Àjàyí Crowther. Ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n fi ipá yà wọ́n, ní 1846, ọmọ náà rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ti di àlùfáà, ìyá kò tíì gbọ́ ohunkóhun nípa Jésù. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó kọ́ ẹ̀kọ́ bí ọmọdé, ó sì ṣèrìbọmi ní 1848. Hánà ni wọ́n sọ ọ́.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì mi tó ti lé ní ọdún 80. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń ka orí kan fún un lálaalẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Máàkù ni. Ó bi mí pé èwo ló kàn. Mo ní Lúùkù. Ó ní orí mélòó ni. Mo ní 24. Ó fi ìka ka ọjọ́ títí ó fi dé ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wá yíjú sí ọmọ náà pé kó gbé Bíbélì sí tòsí, wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.